Fèrèsé Dúdú Tó Mú Ọmọ Mi Dé Yábàá

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ ní Múṣìn láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú èyí tí kì í jẹ́ kí oníbàárà jáde. Mo jókòó ti òwú tí mo fi ń kó irun, mi ò sì rí orí kankan kó. Ọmọ ọmọ mi, tí mo tọ́ láti kékeré, dojú kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì.

Ètò kan ló ń ṣe fún mi níbẹ̀, tí yóò máa sọ oníbàárà tó kàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀ ẹ́, fèrèsé dúdú kan á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ á yọ fìrí, fèrèsé á sì pa dé kí ojú tó kà á. Mo ní bóyá iná ni kò tó. Ó gbé fóònù, ó pe obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o! Ó ń ṣí, ó tún ń pa dé."

"Ó ti sọ tẹnu ẹ̀ tán ló ṣe ń lọ. Má tẹ ètò yẹn mọ́. Fèrèsé dúdú yẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣí fúnra ẹ, kó o wá kọ orúkọ ètò sínú ẹ̀."

Ó ṣe é, ọ̀rọ̀ sì dúró. Kò jẹ́ kí ẹyọ kan nínú ohun tí obìnrin yẹn sọ bọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọ ní irun kíkó tipẹ́, bí mo bá ní kó fa òwú le, ojú rẹ̀ á wà lára fóònù.

Obìnrin náà ní, "Wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní pẹ́ tí wàá fi di ọ̀gá."

"Ọmọ ta lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?" Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

"Háà, Màmá! Ẹ káàárọ̀ mà."

"Àárọ̀ ti lọ."

Ọmọ mi pa fóònù, ẹ̀rín ń pa á. "Màmá, ẹ̀ ń jowú!"

"Èmi àgbàlagbà? Jẹ́ n ráyè jàre."

"Ẹ wo bí ẹ ṣe su ẹnu pọ̀!" Ó wá kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo fẹ́ lọ, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní n má lọ, mi ò ní lọ."

Ká ní ó bá mi jà ni, ǹ bá ti ní kò gbọdọ̀ lọ. Mo rò ó títí òjò fi dá. Nígbà tí èmi kọ́ṣẹ́, ìyá mi ló fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn. Obìnrin yìí fẹ́ pe ọmọ mi lọ lórí fóònù bí ẹni ń pe adìyẹ. Bí yóò bá gbà á, ọwọ́ mi ni yóò ti gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, mo wé gèlè mi tó dáa jù, mo ra oyin àti orógbó, mo mú ọmọ mi lọ sí Yábàá. Mo ní kó kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà, mo fà á lé obìnrin náà lọ́wọ́. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kó máa wálé o. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́. Mo wá fa àga kan, mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.