Ọjọ́ Tí Mo Sọ̀rọ̀ Àgbálùmọ̀ fún Dókítà

Bíríkìlà ni mí, nílùú Ẹdẹ. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ ò dá lọ́wọ́ mi, ara àwọn ọmọ mi sì le. Síbẹ̀, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi mọ́. Oúnjẹ dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń dápàárá níbi iṣẹ́, mo máa ń rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Bílẹ̀ bá sì ti mọ́, àyà mi á máa já láìsí ohun tó ń lé mi.

Ìyàwó mi ló mú mi lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo. Wọ́n yẹ̀ mí wò títí, wọn ò rí àìsàn kankan lára mi, ni wọ́n bá ní ká lọ rí dókítà obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú àwọn tí ìrònú àti ìbẹ̀rù bá ń dà láàmú. Kò lè ju àbúrò mi lọ. Mo ti múra sílẹ̀ láti ka ìbànújẹ́ mi fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bèèrè.

"Bàbá, kí lẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀?"

Mo ronú títí. Mo ní tẹ́lẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti dé, èmi àti ìyàwó mi a máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Alajue, ká lọ jẹ àgbálùmọ̀.

"Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí."

"Kò wù mí láti lọ, Dókítà."

"Mo mọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ ná. Ọkàn tó bá ti gbàgbé adùn, ńṣe là ń tún un kọ́, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọ ní ìrìn."

A lọ. A bá ìyá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n sì gbé abọ́ àgbálùmọ̀ síwájú wa. A jẹ ẹ́, a padà sílé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ní, "A lọ. Kò dùn, kò kan."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ dijú. Ẹ ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ lẹ wà báyìí. Kí lẹ ń rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ tìlọ́ra-tìlọ́ra. Mo ní oòrùn ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní adìyẹ kan ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá. Mo ní ìyá ń fọwọ́ tẹ àgbálùmọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá èyí tó rọ̀.

"Ta ni wọ́n ń wá a fún?"

"Èmi ni. Wọ́n rí i. Wọ́n wá fi etí ìró wọn nù ún, kí wọ́n tó nà án sí mi."

Ibẹ̀ ni ohùn mi ti yí padà. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo rí i. Mo sunkún, dókítà sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí bó ṣe ń ṣe mí. Mo ní nǹkan kan ń móoru díẹ̀ láyà mi.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má lé e lọ."

Láti ọjọ́ náà, ó ní kí n máa sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi fún ìyàwó mi nírọ̀lẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ó tún ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n máa fọkàn fẹ́ ire fún ẹnì kan. Ìyá ìyàwó mi ni mo mú: kára wọn le, kọ́kàn wọn balẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ara mi nìkan ni mo máa ń bẹ Ọlọ́run fún bí mo bá kírun tán.

Mi ò ní parọ́, àyà mi ṣì ń já láwọn àárọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí wa lórí ilé tí à ń kọ́, ìyàwó mi ní, "Èmi náà fẹ́ sọ tèmi."

"Sọ ọ́."

"Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ohùn yín nínú àgbàlá nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àlùwàlá. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ ń kọrin sábẹ́ ètè. Mi ò mira lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ má baà dákẹ́."

Mi ò mọ̀ pé mo kọrin. Mo bi í pé orin wo ni. Ó sún mọ́ mi, ó sì kọ ọ́ fún mi.