Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Mi Hú Òpó Èbúté Òkè-Iyanrìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ìwà òmùgọ̀ kan tí mo hù fún yín. Ó ti pẹ́ o, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí, inú ṣì máa ń bí mi. Àwọn kan wà tí mi ò lè fojú ire wò títí di òní, èmi fúnra mi sì wà lára wọn.

Nígbà náà, mo ti jáde Poly, iṣẹ́ ò sí. Mo gbé tábìlì kan àti agboòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ibafo, mò ń ta recharge card, àwọn èèyàn sì ń sanwó fi fóònù mi pe ará ilé wọn. Òkè-Iyanrìn ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀! Abúlé apẹja kékeré ni, lẹ́yìn Ibafo, láàárín odò gan-an. Omi ló yí i ká, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀.

Òpó kan wà ní èbúté abúlé náà tó ní ìlà mẹ́ta lára. Bàbá tó bí Bàbá Làmídì, tí í ṣe àgbà ibẹ̀, ló fi àdá fá àwọn ìlà náà. Bí omi bá kan ìlà kìíní, ẹ kó ìgèrè tí ẹ fi ń pẹja wọlé. Bó bá kan ìkejì, ẹ kó ọmọdé àti arúgbó sọdá sí Ibafo. Bó bá kan ìkẹta, kí gbogbo èèyàn sá, ẹ má wẹ̀yìn wo ewúrẹ́! Lójoojúmọ́ nígbà òjò, bí Bàbá Làmídì bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á lọ wo òpó, wọ́n á sì kígbe ibi tí omi dé kí gbogbo ilé gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, omi ò sì gbé ẹnì kankan lọ rí.

Àfi ìgbà tí Madam dé.

Olórí NGO kan láti Èkó ni Madam. Climate justice ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ń jà fún: pé àwọn tó ń gbé erékùsù kọ́ ló ba ojú ọjọ́ jẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ni omi ń lé nílé? Ọ̀rọ̀ náà dáa! Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mo ṣì gbà á gbọ́ báyìí. Àwọn tó gbé e lẹ́nu ni ò dáa. Orúkọ Madam, Yorùbá látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀". Ẹ rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n", àbí? Ó jù mí lọ dáadáa, mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ló tán.

Ó wá sídìí tábìlì mi, ó ń wá ògbufọ̀. Ó ní bí iṣẹ́ mi bá dùn mọ́ òun, màá di community officer, wọn á sì ṣe ID card tó ní fọ́tò mi, tí màá máa gbé kọ́rùn. Ẹ gbọ́, lójú ẹsẹ̀ ni mo ti ń rí káàdì yẹn láyà mi! Mo ti mú búláòsì tí màá wọ̀ sí i pàápàá.

A wọkọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ò ju kókósẹ̀ lọ ní èbúté. Inú Madam ò dùn pé omi ò pọ̀, ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ó ní kí àwọn ìyá mẹ́rin gbé ẹrù karí, kí wọ́n wọ odò lọ títí yóò fi mù wọ́n dé ìbàdí, kí wọ́n fajú ro, kí oníkámẹ́rà òun lè yà wọ́n. Àwọn ìyá wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí ẹja tí wọ́n ń yan.

Níbi tó ti ń wá nǹkan míì tó máa yà lojú rẹ̀ ti bọ́ sórí òpó. Mo ṣàlàyé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Háà, ojú Madam tàn! Ó ní òun fẹ́ gbé e lọ sí sẹ́mínà àwọn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mowe, òun á dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Mo sọ fún Bàbá Làmídì. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé òpó yẹn kì í kúrò ní èbúté, ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wọkọ̀ wá wò ó. Wọ́n tún ní, "Bùkọ́lá, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o ṣe sọ ọ́ o."

Kí ni mo sọ? Mo yíjú sí Madam, mo ní Bàbá sọ pé ọlá ńlá ni fún abúlé. Mo yíjú sí Bàbá, mo ní Madam búra pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, pé bí ìjọba bá rí òpó náà, wọn á pàṣẹ fún àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù lókè odò kí wọ́n máa kìlọ̀ fún wa kí wọ́n tó tú omi sílẹ̀. Madam ò búra kankan! Kò tiẹ̀ mọ̀ pé dáàmù wà níbì kan. Èmi ni mo búra, nítorí káàdì.

Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹnu ọmọ àwọn ni àwọn ti gbọ́ ọ, kò burú. Bí wọ́n ṣe hú òpó nìyẹn.

Mo lọ sí sẹ́mínà náà. Kò sí ẹnì kankan láti Òkè-Iyanrìn níbẹ̀, àfi òpó. Wọ́n nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńà, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn tí omi ń dà láàmú láti àárọ̀ títí ìrẹsì àti adìẹ fi dé. Ooru mú ọ̀gá kan, ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ orí òpó tí gbogbo abúlé fi ń sá àsálà! Mo wò ó. Èmi náà ń jẹ adìẹ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá. Mo pe Madam títí káàdì tí mo fẹ́ tà fi tán sórí fóònù mi. Ọjọ́ tó gbé fóònù rẹ̀, ó ní àwọn òyìnbó fẹ́ràn òpó náà gan-an, ó ti wà lókè òkun nínú ilé gíláàsì, ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o: mo ṣì béèrè ID card. Ó ní ó ń bọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wọkọ̀ lọ bá Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní àwọn fura lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ àwọn gùn, tí èyí tí mo sọ fún Madam sì kúrú, àwọn kàn rò pé bí gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń kúrú nìyẹn. Ẹkún ni mo sun padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Làtí, àbúrò ìyá mi, gé igi tuntun, wọ́n rì í sínú ihò ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ìlà yóò wà? Bàbá Làmídì bọ́ bàtà, wọ́n lọ dúró ti igi náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní géńdé, ìlà kìíní ṣe déédéé orúnkún àwọn, ìkejì ṣe déédéé ìbàdí, ìkẹta ṣe déédéé àyà. Bọ̀dá Làtí ń fi àdá fá a bí wọ́n ṣe ń tọ́ka. Mo ní, "Bàbá, ẹ nàró dáadáa, ẹ̀yìn yín ti tẹ̀ o." Wọ́n ní ibi tí àwọn lè nà dé nìyẹn.

Omi dé lọ́dún náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kan ìlà kẹta, Bàbá kígbe. Bọ̀dá Làtí ní ìlà àtijọ́ ga ju èyí lọ, ó ṣì ku díẹ̀, kí wọ́n fara balẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jà á ní Ibafo. Gbogbo wọn sọdá kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, góńgó orí ilé nìkan ló yọ lókè omi! Àwọn kan ti tú omi dáàmù sílẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì bá omi òjò pàdé. Ká ní ìlà àtijọ́ ni wọ́n dúró dè, inú ilé lomi ì bá ká wọn mọ́. Ẹ̀yìn Bàbá tó ti tẹ̀ ló yọ wọ́n.

Ta ló tún yọjú sí kíláàsì tí wọ́n sùn sí ní ilé ìwé Ibafo? Madam! Ó wọ bàtà òjò tuntun tí kò tíì kan ẹrẹ̀ rí, oníkámẹ́rà tẹ̀lé e. Ó ní òun gbọ́ pé òpó tuntun ló gba abúlé là, pé bí omi bá ti fà, òun máa fẹ́ gbé ìyẹn náà lọ, kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò gbójú sókè. Madam wá ń wo ẹnu mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ọlá ńlá.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní Bàbá sọ pé kò burú, kó o gbé e, ṣùgbọ́n kí ìwọ fúnra rẹ wá dúró sínú ihò náà. Bí omi bá ti kan àyà rẹ, àwọn á mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti sá.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Madam. Kò dúró ya fọ́tò kan tó fi wọ jíìpù rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí àgbà bá rán ọ lọ́rọ̀, jẹ́ ẹ bó ṣe wà, ohun yòówù kí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wá ṣàánú yín rí, tó sì gbé ohun tí ẹ ní lọ? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á, bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ bá wọn hú u, ẹ sọ ọ́. Èmi ti sọ tèmi. Títí di òní, ID card yẹn ò tíì dé.