Obìnrin Inú Fèrèsé Kọ̀ǹpútà

Ilẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà yìí bá gbé kọ́, tó bá ti pa dé, ó pa dé nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí nǹkan máa dédé ṣí nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bó bá ti jókòó láti wo àwòrán àga, fèrèsé kékeré kan á yọ lójijì nígun ìsàlẹ̀: obìnrin kan tó wọṣọ bí ẹni tí kò wọṣọ, tó ní ìtòsí lòun ń gbé, òun sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá pa á dé, òmíràn á yọ, á ní àrùn ti wọ kọ̀ǹpútà náà.

Ìyàwó rẹ̀ rí i.

"Baálé mi, ta ni arẹwà yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"Òun mọ̀ yín dáadáa. Àdúgbò kan náà lẹ jọ ń gbé."

Ọkùnrin náà fi ọmọ búra, ó fi ayùn tó fi ń jẹun búra. Ìyàwó rẹ̀, ìyá ilé, kò bá a jà. Ìbá sàn kó jà. Ó kọ́kọ́ ń pè é ní "ọkọ gbogbo àdúgbò", ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ, ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló dun gbẹ́nàgbẹ́nà dé egungun. Pákó tó là ṣeé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ni orúkọ èèyàn nínú ilé rẹ̀.

Èyí tó tún wá burú ni pé ẹni kan ṣoṣo tó mọ àtúnṣe kọ̀ǹpútà nínú ẹbí ni ìyàwó ọmọ wọn. Kí ọmọ tó ń pe èèyàn ní Bàbá wá bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ ẹni! Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí wọ́n kúkú ta kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù ká yẹ̀ ẹ́ wò," ni ìyá ilé wí.

Ìyàwó ọmọ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Ó yẹ inú ẹ̀rọ wò fínnífínní.

"Bàbá, kò sí àrùn kankan. Ẹnì kan nínú ilé yìí ló ń fún àwọn fèrèsé wọ̀nyí láyè."

Ìyá ilé wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe ń lò ó. Kí Bàbá kọ́kọ́ jókòó."

Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó, ó ṣí ìkànnì tó ti ń wo àwòrán àga. Àpótí kékeré kan yọ, ó ní ṣé káwọn máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. "Mi ò ráyè tìẹ," ló wí, ó sì pa á dé.

Ó wá kan ìyá ilé. Ó tún dígí ojú rẹ̀ ṣe, ó ṣí ìkànnì tó ti ń wo iṣẹ́ ọnà ara aṣọ. Àpótí kan náà yọ. Ó tẹ "Gbà" kíá. Ó ṣí ìkànnì mìíràn, "Gbà" náà ni.

"Màámi, kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Ó béèrè ni. Ẹni tó bá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé ká lé e lẹ́nu ọ̀nà ni? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Ṣé gbogbo wọn lẹ máa ń gbà fún?"

"Gbogbo wọn. Mi ò yájú sí ẹnikẹ́ni rí."

Ìyàwó ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. "Màámi, ìkànnì tẹ́ ẹ bá ti tẹ 'Gbà' fún ti ráyè máa fi ìpolówó ránṣẹ́ nìyẹn. Àwọn àlejò yín ló ń kó obìnrin wálé fún Bàbá."

Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde. "Tún un sọ, ìyàwó mi. Sọ ọ́ sókè!" Èémí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó sọ ẹrù pákó kalẹ̀.

Ọmọbìnrin náà gba gbogbo àyè tí ìyá ilé ti fún àwọn ìkànnì náà padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún un ṣe kí ìkànnì kankan má lè béèrè mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Nǹkan kan kò yọ.

"Ẹ má bínú, baálé mi," ni ìyá ilé wí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ni mo dá lẹ́bi."

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti tò sílẹ̀ de ọjọ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ó ti tán. Àmọ́ arẹwà yẹn, ṣé ó ti lọ pátápátá?"

Ìyá ilé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìyàwó ọmọ yíjú sí ògiri, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.