Ìjà lórí apá ẹ̀rọ àwo Bàbá wa

Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Apá tó ń gbé abẹ́rẹ́ lé àwo lára ẹ̀rọ orin olówó ńlá tí Bàbá wa kú fi sílẹ̀ ló kán. Lónìí, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe gbé apá tuntun méjì wá sílé wa ní Ìwó, ó ní ká mú ọ̀kan.

Mo mú èyí tó fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó gun ọ̀kadà wá láti Kuta, ní èyí tó wúwo lòun fẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn máa ha àwọn àwo Bàbá."

"Ṣé ìwọ ni àkọ́bí?"

Ìgbátí ló fi tẹ̀ lé e fún mi. Mo fún un lọ́rùn aṣọ. Ló bá fi apá irin náà la iwájú orí mi.

Ìyá wa gbé ọmọ odó wọlé. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n fẹ́ lù. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n fọ́ túútúú.

"Mo ti sin bàbá yín. Wálláhì, mi ò ní sin ọmọ torí irin!"

Wọ́n bú sẹ́kún. Bọ̀ọ̀dá bọ́ fìlà, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ mi.

Ẹ̀yin ará, ṣé Ìyá jẹ̀bi?