Ẹ̀rínọlá Olùtọ́jú Bátìrì Kúnlẹ̀ Sẹ́nu Ọ̀nà

Ojú iná kékeré kan wà níwájú ṣájà kọ̀ọ̀kan nínú yàrá Ẹ̀rínọlá. Bí ojú náà bá pọ́n, bátìrì ṣì ń jẹun. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, bátìrì ti yó, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kíá, nítorí pé ẹni tó ti yó tí wọ́n ṣì ń ti oúnjẹ bọ̀ lẹ́nu, àìsàn ni yóò fi ṣe. Bí Ẹ̀rínọlá ṣe máa ń wí nìyẹn. Kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni mú bátìrì jáde nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba ló wá mú un.

Abúlé rẹ̀ wà lẹ́yìn Idigny ní ilẹ̀ Kétu, níbi tí ọ̀nà ti di ipa ẹsẹ̀ láàárín oko àgbàdo. Lójú rẹ̀, Ìyá Ghislaine ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Bátìrì ni. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí kò ṣẹ̀yìn iná. Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gidigidi, iná ìgbẹ́ kan ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Ó jó aká àgbàdo, ó jó ebè iṣu, ó sì lé ewúrẹ́ kó sínú kànga. Ọkọ Ẹ̀rínọlá wà lára àwọn tó fi ewé tútù lu iná náà pa. Iná kò jó o, ṣùgbọ́n èéfín bá a wọ inú àyà lọ, ikọ́ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi papòdà. Ohun tó dun Ẹ̀rínọlá jù ni pé ẹnì kan ti rí èéfín náà láàárọ̀. Bàbá arúgbó kan ló rí i láti oko rẹ̀. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì sí ẹni tó gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbẹ̀ pawọ́ pọ̀ ra rédíò àfọwọ́mú márùn-ún. Awáhùn ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé fúnra rẹ̀ ni ó ń wá ohùn kiri láti ìkànnì kan dé òmíràn. Ibi tó bá ti gbọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, ẹni tó mú un lọ́wọ́ sì lè fèsì. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣọ́ko márùn-ún a máa gbé e lọ sí igun oko ní ọ̀sán, nígbà tí atẹ́gùn bá le, wọn a sì máa ṣọ́ èéfín títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá darí wálé, wọn yóò yọ bátìrì, wọn yóò gbé e fún Ẹ̀rínọlá. Òun nìkan ló ní pátákó oòrùn tó tóbi tó, èyí tí Ghislaine ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Kútọnu, rà fún un. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bátìrì ń sùn, oòrùn òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń jẹ.

Ní ọdún àkọ́kọ́, bátìrì méje ni. Ẹ̀rínọlá lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan ní Idigny lọ́jọ́ kan, ó sì fi ilé síkàáwọ́ Bàbá Ṣàngódélé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Baba rí i pé ojú ṣájà méjì ṣì pọ́n nígbà tí àwọn yòókù ti di àwọ̀ ewé. Àánú àwọn méjì náà ṣe é. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀: bí tọ́ọ̀ṣì bá ń kú lọ, ńṣe ni wọ́n ń sá bátìrì rẹ̀ sí oòrùn, yóò sì tún ríran díẹ̀ sí i. Ó yọ méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákí tí wọ́n ń sá, ó sì jókòó tì wọ́n, ó ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́. Nígbà tí Ẹ̀rínọlá dé, bátìrì méjèèjì ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fi igi tọ́.

"Bàbá, kí lẹ fi wọ́n ṣe?"

"Mo bá ọ sá wọn ni." Baba wo bátìrì, ó wo ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá nà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Pákí gbẹ dáadáa."

Ẹ̀rínọlá kò sọ ọ̀rọ̀ òdì kan sí i. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kan tí kò fi pọnmi mọ́ sí igun yàrá tó tutù jù, ó tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú rẹ̀, ó sì ní ibẹ̀ ni bátìrì márùn-ún tó kù yóò máa wà bí wọn kò bá sí lórí iná. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò wọ yàrá yẹn láìgba àṣẹ.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, Gaston, olórí àwọn aṣọ́ko, ọkùnrin kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó sì fẹ́ràn ibi tí èrò bá pọ̀ sí, kó awáhùn márààrún lọ síbi ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní Adakplamè. Nígbà tó fi máa dá wọn padà, bátìrì ń rùn fún bíà, wọ́n sì ti kú fin-ín fin-ín. Ní ọ̀sán ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn gan-an ni èéfín yọ lẹ́yìn oko, tí kò sì sí ẹni tó lè ké sí ẹnì kejì. Atẹ́gùn ló ṣàánú wọn, ó yí padà. Ẹ̀rínọlá dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń wo èéfín náà, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, bátìrì kì yóò tún jáde nílé òun fún ohunkóhun àfi ṣíṣọ́ iná.

Ọyẹ́ ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú sí i ni ọkùnrin olówó kan láti Kútọnu ní òun fẹ́ ṣe àpèjẹ ńlá ní Kétu. Ó ránṣẹ́ sí olórí abúlé pé kí ó yá òun ní awáhùn fún àwọn tí yóò máa darí mọ́tò àwọn àlejò, òun náà yóò sì bá wọn sọ fún ìjọba nípa ọ̀nà wọn tó ti bàjẹ́. Olórí abúlé gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Gaston gba rédíò lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò, ó sì wá sílé Ẹ̀rínọlá. Àwọn aṣọ́ko yòókù tẹ̀ lé e. Mọ́tò olówó dúró lójú ọ̀nà, ó ń fọn fèrè.

"Ìyá Ghislaine, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá mi kó àwọn ọmọ yín jáde."

"Wọn ò tíì yó."

"Èyí tí wọ́n jẹ ti tó. Wọn ó jẹ ìyókù ní Kétu."

"Mo ti sọ fún olórí abúlé lánàá pé kò ṣeé ṣe."

"Olórí abúlé ní ó ti ṣeé ṣe." Gaston rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọjọ́ méjì péré ni."

"Wo ìgbẹ́ yẹn, Gaston. Ó gbẹ dé ibi pé bí ẹyẹ bá bà lé e, yóò dún. Ṣé iná ti bá ọ mulẹ̀ pé òun ó dúró fún ọjọ́ méjì?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí bátìrì."

"Èmi kọ́ ni mo bí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pa wọ́n ní Adakplamè, ta ló jí wọn?"

Àwọn tó dúró lágbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ Gaston. Ó gbọn àpò ọwọ́ rẹ̀. "Ti abúlé ni rédíò yìí, kì í ṣe tiyín!"

"Òótọ́ lo sọ. Máa gbé rédíò lọ. Bátìrì ò lọ."

"Kí wá ni rédíò tí kò ní bátìrì?"

"Bíríkì ni. Ẹ fi mọ ilé fún olówó yín."

Gaston kọrí sí yàrá. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, ó sì há. Ẹ̀rínọlá kò na ọwọ́, kò pariwo. Ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ lórí ìloro ẹnu ọ̀nà náà, orúnkún rẹ̀ kan òpó lọ́tùn-ún lósì.

"Mo kúnlẹ̀ fún ọ, Gaston. Mo kúnlẹ̀ fún olórí abúlé. Mo kúnlẹ̀ fún olówó tó wà nínú mọ́tò. Gbogbo yín lẹ tó kúnlẹ̀ fún. Bátìrì ò sì lọ."

Kò sí ohun tó wọ́pọ̀ tó obìnrin tó kúnlẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ tó jẹ́ dá àgbàlagbà kọjá, bí Gaston yóò bá sì wọlé, àfi kí ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí obìnrin tó ju ìyá tó bí i lọ́jọ́ orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró lófuurufú díẹ̀. Ó gbé e padà sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ àgbà sí mi lọ́rùn."

"Dá àwọn rédíò padà fún àwọn aṣọ́ko, n ó dìde."

Wọ́n sáré lọ pe Bàbá Ṣàngódélé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wá, ó sì dúró níwájú rẹ̀. "Ìyàwó, dìde."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ẹ̀rínọlá wọ ilé yẹn, kò kọ ọ̀rọ̀ sí baba lẹ́nu rí. Ó tẹ orí ba.

"Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mi ò ní dìde."

Baba fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní dìde, Bàbá. Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́. Àbúrò yín ṣì ń wúkọ́ létí mi."

Baba gbé orí sókè. Ó wo òkè ilé, níbi tí páànù ti ń tàn yanran. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Wọ́n rò pé ibi òjìji ni yóò gbé e sí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an ló gbé e sí, ó jókòó, ó sì gbé ọ̀pá lé itan.

"Gaston," ni ó wí, "èmi ni mo sá bátìrì lọ́jọ́sí. Ìyàwó yìí kò bú mi. Bí mo bá tún bá ẹ ba márùn-ún tó kù jẹ́, ojú wo ni n ó fi wò ó?"

"Bàbá," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "pákí yẹn ńkọ́?"

"Ó gbẹ!" ni baba dá a lóhùn. Ẹ̀rín gba àgbàlá kan.

Mọ́tò tún fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fọn gígùn, ó sì ṣí lọ. Eruku pupa rẹ̀ bọ́ sórí gbogbo wọn.

"Ó lọ!" Gaston kígbe. "Ìyá, ẹ ti ba ọ̀nà wa jẹ́!"

"Ọ̀nà tí awáhùn márùn-ún bá lè rà, òjò kan péré ni yóò gbà á padà."

Ẹlòmíràn ì bá ti dìde nígbà náà. Ẹ̀rínọlá kò dìde. Àpò rédíò ṣì wà lọ́wọ́ Gaston, Gaston sì ti bínú. Bí rédíò tí kò ní bátìrì bá jẹ́ bíríkì, kí ni bátìrì tí kò ní rédíò? Bí àwọn aṣọ́ko bá bá Gaston lọ, òfo ni gbogbo ìkúnlẹ̀ rẹ̀, oko yóò sì wà láìlójú lónìí bí ti ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Orúnkún ń ro ó. Oòrùn gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn: ojú ṣájà márààrún ti di àwọ̀ ewé.

"Wọ́n ti yó," ni ó wí fún gbogbo àgbàlá. "Ta ló ń lọ sóko?"

Àwọn aṣọ́ko wo ojú Gaston. Lẹ́yìn náà ni Oyèlékè jáde láàárín wọn. Òun ni oko rẹ̀ wà níbi tí iná ti kọ́kọ́ wọlé lọ́dún náà. Ó ti ọwọ́ bọ inú àpò Gaston, ó mú awáhùn tirẹ̀, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Ghislaine, oòrùn ti dé àtàrí. Ẹ bá mi mú tèmi."

Ìgbà náà ni Ẹ̀rínọlá di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó dìde. Ó yọ bátìrì kan, ó fi aṣọ gbígbẹ nu ojú idẹ rẹ̀, ó tì í bọ inú rédíò títí ó fi dún, ó sì yí bọ́tìnnì. Awáhùn hó yéé. Ó fà á lé Oyèlékè lọ́wọ́. Ẹnì kejì wá, ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin. Gaston nìkan ló kù.

"Tìrẹ náà ti yó," ni Ẹ̀rínọlá wí. "Mi ò lè dá a padà sórí iná."

Gaston wá gbà á, kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu olórí abúlé."

"N ó kúnlẹ̀ gbọ́ ọ."

Iná kankan kò jó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, àwọn obìnrin tó ń ti oko igi bọ̀ ké sí i láti ojú ọ̀nà: "Ìyá Bátìrì, iná dà?"

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ẹ, ẹ lọ tàn án!"

Ìránṣẹ́ olórí abúlé dé pẹ̀lú iṣẹ́ pé ìpàdé yóò wà lọ́jọ́ ọjà, níbi tí wọn yóò ti gba ìtọ́jú bátìrì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rínọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìránṣẹ́ náà, ó fún un lómi mu. "Sọ fún un pé n ó wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́. Òwúrọ̀ kò rọrùn fún mi, àwọn ọmọ mi á máa jẹun."

Àwọn aṣọ́ko dá bátìrì padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gaston ló dé gbẹ̀yìn. Ó na tirẹ̀ sí i. Ẹ̀rínọlá kò gbà á.

"Ó ti dọ̀tí. Nù ún kí o tó gbé e fún mi."

Gaston wo bátìrì náà. Ó fa etí ẹ̀wù rẹ̀, ó fẹ́ fi nù ún.

"Kì í ṣe aṣọ tó lóòógùn," ni Ẹ̀rínọlá wí. Ó na aṣọ gbígbẹ sí i, ó sì dúró títí Gaston fi gbà á.