Àkísà Tí Kò Ní Àmì

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn.

Mo rántí ìgbà tí mo ń bá àǹtí mi fọ aṣọ oníbàárà ní Ovwian, lẹ́bàá Warri. Láràárọ̀, kí n tó sá aṣọ, mo ní láti kọ́kọ́ fi àkísà funfun nu okùn, torí èéfín ilé iṣẹ́ á ti da eérú dúdú sí i lára mọ́jú. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí a fi yíǹkì tí kì í ṣí kọ sí i lọ́rùn, ká lè mọ ẹni tó ni ín. Àkísà mi nìkan ni kò lámì.

Ọmọ àǹtí mi obìnrin, tí mo fi ọdún méjì jù, gba ọlidé wálé láti yunifásítì. Ó bá mi nídìí okùn.

"Sísí mi, kí lẹ rò pé ó ń fa dúdú yìí?"

Mo ní, "Òru ló bọ́ aṣọ rẹ̀ sórí okùn mi, kò sì padà wá mú un."

Ó fi fóònù ya fíìmù ọwọ́ mi bó ṣe ń nu okùn, ó sì tọrọ àwọn àkísà tí mo ti lò. Mo kó wọn fún un tayọ̀tayọ̀, bí òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù rẹ̀ hàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Warri–Sapele Road, aṣọ funfun ni wọ́n ta bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwa dúró láàárín, ọwọ́ mi inú fíìmù ń nu okùn lára ògiri yí wa ká, àwọn àkísà mi so rọ̀ lókè orí wa, a ń gbóòórùn èéfín ara wọn. Ohùn ọmọ àǹtí mi ló ń ké ewì lórí fíìmù náà. Nígbà tó dé ibi òru tó bọ́ aṣọ, ìyá kan bú sẹ́kún. Ọkùnrin kan pariwo, "Dis pikin too much!"

Mo gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, n kò tiẹ̀ ro ìyẹn.

Nígbà tó parí, obìnrin kan bi ọmọ àǹtí mi pé níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ òru yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà.

"Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni."

Ó yíjú, ó rí mi. "Sísí mi, ó dùn àbí? Abeg, ẹ rẹ́rìn-ín nà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò, owú sì ń jó mi nínú bí iná. Títí di òní, tí mo bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn, ó ṣì ń ta mí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ̀ pé láìsí òun, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo nu okùn. Mo mú yíǹkì àwọn oníbàárà, mo kọ orúkọ mi lódindi sí igun àkísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dúdú lọ́wọ́ mi, mo sì ká a sínú àpótí mi.