Orí Ta Ló Wà Lórí Ìrọ̀rí Bùrẹ́ímọ̀?

Bí ẹ bá kí Bùrẹ́ímọ̀ pé "ẹ káàárọ̀," yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo ọ̀run, bóyá ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, kó tó dá yín lóhùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Ikram, ọmọ rẹ̀, lórúkọ, ó bi ààfáà pé ṣé ó dá a lójú pé kò sí ẹni tó ti ń lo orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Bó bá ra búrẹ́dì, yóò gbé e sétí ná. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kì í fura sí láyé, àfi ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti gbó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ méjì: pé kò sí aṣọ ìbùsùn tó lè pa irọ́, àti pé kò sí èèyàn tí kò lè pa á. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó kó wá sílé rẹ̀ ní Mowe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìẹ, òun ń kó ẹ̀rọ jọ. Kì í ṣe tuntun o. Ó ní tuntun, ike ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń kọrin bó bá fọṣọ tán. "Ohun tó bá ń kọrin fún ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó jí." Ògbólógbòó tòkúnbọ̀ ló ń fẹ́, àwọn tí wọ́n ṣe nígbà tí irin ṣì ń jẹ́ irin. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wọn wá láti Ibafo bí ẹni ń kó ìyàwó wálé. Ọ̀kan ní ojú gíláàsì roboto bíi fèrèsé ọkọ̀ ojú omi. Òmíràn wà tó máa ń fò bó bá ń fún aṣọ, débi pé okùn ni Bùrẹ́ímọ̀ fi ń so ó mọ́ igi máńgòrò bí àgbò iléyá. Lọ́jọ́ kan tó gbàgbé okùn, ojúde Adébánjí, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ni wọ́n ti lọ mú un.

Bó ti ń kó wọn jọ náà ló ń fi wọ́n wéra. Ní Sátidé, yóò fi epo pupa àti ẹrẹ̀ pa síńgílẹ́ẹ̀tì funfun méjì, yóò ti ọ̀kan bọ ẹ̀rọ yìí, ọ̀kan bọ tọ̀hún, Adébánjí yóò sì wá ṣe adájọ́.

"Èyí tọ́wọ́ ọ̀tún ló mọ́ jù," Adébánjí á wí.

"Ta ló fún ọ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá Ikram! Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni yóò fún mi ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ni. Mo ní ta ni."

Méjì nínú ìkójọ yìí ni kì í fọṣọ. Dírayà ni wọ́n, ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ. Gáàsì ìdáná ló ń fún wọn ní ooru, jẹnẹrétọ̀ kékeré a sì máa yí ikùn wọn. Ẹ bá mi ronú: ní Mowe, níbi tí oòrùn ti lè mú aṣọ gbẹ kí ẹ tó sá a tán, ta ló ń wá dírayà? Bùrẹ́ímọ̀ ni. Ọ̀kan dán, ó funfun bí eyín ọmọ tuntun. Ìyàwó Gómìnà ni orúkọ tó sọ ọ́. Aṣọ ìnujú ara rẹ̀ ló fi ń nù ún. Ìkejì ti dípẹtà, ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. Ẹni tó tà á fún un ní Ifọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbé e sọ́kọ̀, Bùrẹ́ímọ̀ kò sì tíì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín títí di òní. Gbajúẹ̀ ló sọ ìyẹn. Kò ṣe ìdánwò fún un rí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, títí kan Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń ta híjáàbù níwájú ilé.

Òjò ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bùrẹ́ímọ̀ kírun Ayílà tán, ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀. Bó ti gbórí lé ìrọ̀rí, imú rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òórùn òróró orí. Kì í ṣe òógùn. Ó tún fimú lé e. Ìrẹsì Ọ̀fàdà! Òórùn rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń ṣíwájú abọ́ wọlé.

Ó dìde jókòó, ó sì ro ó bí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ìrẹsì kì í sùn. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì ló ń sùn. Ẹni tó bá jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà débi pé orí rẹ̀ ń rùn ún, ọmọ Ọ̀fàdà ni. Ó parí: ọmọ Ọ̀fàdà kan ti sùn lórí ìrọ̀rí mi.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ìsinmi fún ojú rẹ̀. Gáàsì inú ilé ìdáná ń tán bí ẹni pé wọ́n ń fi se màlúù. Ta ni Àsmá'ù ń se oúnjẹ fún? Gbogbo Alámísì tó bá ti Ibafo dé, níbi tó ti máa ń lọ wo ẹ̀rọ, ló ń rí ojú ẹsẹ̀ táyà ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó rí èèpo ìrẹsì kan ṣoṣo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni rí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mìíràn. Èyí tó burú jù ni pé Àsmá'ù ti ń dá orin kọ. Obìnrin tó ti ń bá Bùrẹ́ímọ̀ gbé láti ìgbà ọ̀dọ́, kí ló fẹ́ mú un kọrin?

Ó rọra bi Adébánjí. "Irú èèyàn wo ló máa ń rùn bí ìrẹsì Ọ̀fàdà?"

"Ẹni tí ebi ò pa ni."

"Mi ò bá ọ ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Ẹ júwe onítọ̀hún fún mi, kí n lọ bá a jẹun."

Ohun kan wà tí Bùrẹ́ímọ̀ kò fura sí. Gbogbo Jímọ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìrẹsì Ọ̀fàdà ń bọ́ síwájú rẹ̀, tòun tata dídín àti ẹyin. Á jẹ ẹ́, á lá abọ́, á ní kí wọ́n bu sí i. Kò béèrè ibi tó ti wá lẹ́ẹ̀kan rí. Ọkùnrin tó ń fetí sí búrẹ́dì!

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó tẹ Yaqub láago ní Ifọ̀. Yaqub ni ẹ̀gbọ́n Àsmá'ù, òun ló sì fà á lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ní Alámísì lẹ́yìn Àlàásárì. Ẹ wá mú àbúrò yín lọ."

"Subhanallah! Kí ló ṣe?"

"Ojú yín ni yóò rí i. Tí mo bá purọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tí mi ò bá purọ́, ilé yìí kò gba àwa méjèèjì mọ́."

Ní Alámísì, Bùrẹ́ímọ̀ dé fìlà, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀rọ kan ní Ibafo. Ó jáde lójúde, ó yí gba ẹ̀yìn ilé Adébánjí, ó fo ògiri bí ewúrẹ́ arúgbó, ó sì wọ abẹ́ páànù tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ olójú gíláàsì ló lúgọ sí, ó fi ọ̀rá ńlá bo ara. Òjò ń lu páànù lókè. Èèrà rí i, wọ́n kéde rẹ̀ fún ara wọn, gbogbo èèrà ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé sì wá kí i. Kò mira.

Kò pẹ́, ọ̀kadà dún. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan gbé àpò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ nínú omi.

"Ẹ kú ojú òjò o, Ìyá Ikram."

"Ládi, dìde, dìde. Ọ̀nà Ọ̀fàdà ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ̀fọ̀ ni, Ìyá. Àwọn ìyá wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, gbogbo ìrẹsì tí wọ́n bọ̀ ì bá ti bàjẹ́. Oòrùn ti gbàgbé ilé wa."

Bùrẹ́ímọ̀ yọjú lábẹ́ ọ̀rá. Àsmá'ù wọlé, ó bọ́ àpò ìrọ̀rí kúrò lára gbogbo ìrọ̀rí tó wà nílé, ó sì kó wọn jáde. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀, tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, ni òun àti Ládi ń bù sínú àwọn àpò náà. Wọ́n so ẹnu wọn ní kókó kí ó má bàa dà gba ihò inú ẹ̀rọ. Ládi fa jẹnẹrétọ̀. Àsmá'ù gbé sìlíńdà gáàsì láti ilé ìdáná.

Ẹ rò pé ara ọkùnrin náà ti balẹ̀, àbí? Gbogbo ẹ̀sùn ti tú. Kò sí àlè, ìrẹsì ló wà. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ síbẹ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì máa họ ara. Ṣùgbọ́n Ládi béèrè pé, "Ìyá, ṣé funfun yìí la ó lò?"

"Ìyẹn kẹ̀? Ẹwà lásán! Ó jó ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ ní tútù. Ìrẹsì tó bá ti ibẹ̀ jáde, fífọ́ ló ń fọ́ bí wọ́n bá ń bó o. Gbajúẹ̀ ni kó o ki í sí. Òun ló mọ iṣẹ́."

"Irọ́ ni!"

Ọ̀rá fò sókè. Bùrẹ́ímọ̀ yọ jáde pẹ̀lú èèrà lára, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sétí. Ládi pariwo, ó sá sẹ́yìn igi máńgòrò. Àsmá'ù ní, "A'ùsù billahi!" ó sì fi àpò ìrẹsì bo àyà.

"Ta lẹ pè ní ẹwà lásán? Ìyàwó Gómìnà? Ẹ̀rọ tó dán báyìí?"

"Bàbá Ikram, ṣé ẹ̀yin nìyí? Ibafo ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ohùn kan kí wọn láti ẹnu ọ̀nà: "Àsàláámù àlékúmù." Yaqub ti dé, agbòjò lọ́wọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọkọ tó ń jó ìjó èèrà, ó wo ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn igi.

"Bùrẹ́ímọ̀, mo ti dé. Kí ni ẹ ní kí ojú mi wá rí?"

Bùrẹ́ímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèrà lára.

"Ẹ pè wọ́n ni?" Àsmá'ù béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nítorí kí ni?"

Kò sí irọ́ tó wá sí i lẹ́nu. Ó tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: ìrọ̀rí, gáàsì, ojú ẹsẹ̀ ọ̀kadà, èèpo kan, orin. Bó ti ń kà á bẹ́ẹ̀ ni ó ń kéré sí i lẹ́nu ara rẹ̀. Ládi fọwọ́ bo ẹnu. Yaqub wo ilẹ̀. Àsmá'ù kò rẹ́rìn-ín.

"Nítorí náà, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá kó mi lọ bí ẹrù."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ fura sí búrẹ́dì! Tí mo bá ní mo fẹ́ fi ẹ̀rọ yín mú ìrẹsì gbẹ, ẹ ó ní ta ló rán mi. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń san án fún mi, ẹ̀yin náà lẹ sì ń jẹ ẹ́. Ẹ dúró níbẹ̀."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ."

Gbogbo bí Bùrẹ́ímọ̀ ṣe ń retí ọjọ́ yìí, kò ro bí ilé yóò ti rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Yaqub nínú ẹrẹ̀. Ó ní ìṣe èṣù ni, ó ní ìṣe imú òun ni.

"Ẹ̀bẹ̀ dùn lẹ́nu," Àsmá'ù wí. "Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi ń dánwò ẹ̀rọ, ẹ kò gba ìdájọ́ ẹnikẹ́ni gbọ́ rí. Ẹ gba tèmi lónìí. Ládi, ki àpò sínú àwọn méjèèjì."

Wọ́n ki ìrẹsì sínú Gbajúẹ̀, wọ́n ki òmíràn sínú Ìyàwó Gómìnà, ìlú Mowe sì gbọ̀n. Gbogbo wọn dúró lábẹ́ páànù, báàgì wà láàárín wọn. Nígbà tó tó àkókò, Àsmá'ù tú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ bóyá ìrẹsì ti gbẹ ni pé wọ́n á fi eyín gé e. Bùrẹ́ímọ̀ mú ti Ìyàwó Gómìnà, ó gé e; ó rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná. Ó tún mú òmíràn níbẹ̀. Èyí ti jó. Ó mú ti Gbajúẹ̀. Ó dún kọ̀ sí eyín rẹ̀.

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò nira fún un tó báyìí. Ó wo dírayà funfun rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Gbajúẹ̀ ló sàn jù."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́."

"Mo ní Gbajúẹ̀ ló sàn jù! Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Àsmá'ù gbé báàgì, ó gbé e padà sínú yàrá, ó sì jáde wá bu omi tútù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bu fún Bùrẹ́ímọ̀ náà. Ó tilẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì í.

Nígbà tí Bùrẹ́ímọ̀ sin Yaqub dé títì, ó dúró tì í títí kẹ̀kẹ́ máruwá fi dé, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìdáríjì yẹn, kò ha yá jù? Kí ni ẹ rò pé ó ń gbèrò?"

Yaqub wọ kẹ̀kẹ́, ó sì pa agbòjò rẹ̀ dé.

"Bùrẹ́ímọ̀, ẹ wọlé lọ."

Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló gbà.